Arò Àwọn Tí A Ò Rí Orúkọ Wọn Pè

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, àwọn obìnrin ti tò síwájú géètì kọ́ńpìnì kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, níhìn-ín ní Ọ̀tà. Àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ń jáde, ojú wọn pọ́n. Àwọn tó fẹ́ wọlé ń so ṣíkáàfù mọ́rí. Ọkùnrin kan jókòó sẹ́nu géètì, ó ṣí ìwé ńlá kan lé itan, ó ń pe orúkọ. Ẹni tó bá gbọ́ tirẹ̀ á dáhùn, á wọlé. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọmọdébìnrin kan dúró títí ìwé náà fi parí, kò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọrùn wo inú ìwé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un wò. Orúkọ mi wà níbẹ̀." Ọkùnrin náà fi ìka tọ ìlà náà láti òkè délẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ọmọ náà ká apá mọ́ àyà, ó lọ fẹ̀yìn ti ògiri. Kò lè wọlé, kò sì fẹ́ padà sílé.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mo ti ń gbé gbólóhùn ọmọ yẹn kiri. Bóyá ìwé tí mò ń kà lásìkò náà ló jẹ́ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn àròsọ ni, Sisters in Arms, tí Kaia Alderson, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2021. Òǹkọ̀wé ló dá ọ̀pọ̀ ẹ̀dá inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ogun inú rẹ̀ jà lóòótọ́, àwọn obìnrin tó lọ sógun náà sì gbé ayé.

Ní oṣù kejì ọdún 1945, tí Ogun Hítílà kù díẹ̀ kó parí, àwọn obìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà wọ aṣọ ológun dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n pé, 855 ni wọ́n. Charity Adams, ọmọ ọdún 26, ni ọ̀gá wọn. Six Triple Eight ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn, nítorí 6888 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ìlú Birmingham ni wọ́n kó wọn lọ, sínú ilé ìkẹ́rùsí tí lẹ́tà àti ẹrù kún débi àjà: lẹ́tà tí ìyá kọ sọ́mọ, èyí tí ìyàwó kọ sọ́kọ, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún, tí àwọn sójà tó wà lójú ogun ń retí tí wọn ò rí. Eku ti jẹ àkàrà òyìnbó inú ẹrù. Wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kun fèrèsé kí ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá má baà rí iná. Otútù wọ egungun. Wọ́n pín ara wọn sí ṣíìfùtù mẹ́ta, wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, tọ̀sán tòru, bí àwọn obìnrin Sàngó-Ọ̀tà ṣe ń pín in dòní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo iṣẹ́ náà dáadáa. Iṣẹ́ orúkọ ni. Wọ́n ní káàdì bíi mílíọ̀nù méje, káàdì kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń jẹ́ Robert Smith nìkan lé ní 7,500. Lẹ́tà mìíràn wà tí wọ́n kàn kọ "Junior" sí lára, pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, kò sí nǹkan mìíràn. Obìnrin tó bá kàn á wá a títí yóò fi mọ Junior tí ìyá yẹn ń bá sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún wọn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Láti Birmingham, wọ́n ré kọjá sí Rouen ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n tún bá òkè lẹ́tà mìíràn níbẹ̀.

Ní Rouen ni ikú ti mú mẹ́ta nínú wọn. Ọkọ̀ jíìpù ló ní ìjàm̀bá ní oṣù keje ọdún 1945. Mary Bankston. Mary Barlow. Dolores Browne. Ìjọba tí wọ́n sìn kò fún wọn lówó pósí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló dá owó jọ, àwọn ló wẹ òkú, àwọn ló sì sin wọ́n. Àwọn tó ń wá orúkọ ọmọ ọlọ́mọ kiri nínú mílíọ̀nù káàdì, àwọn fúnra wọn ló fi owó àpò wọn ra ibi tí wọn yóò tẹ́ arábìnrin wọn sí. Itẹ́ òkú àwọn ológun Amẹ́ríkà ní Normandy ni wọ́n wà báyìí. Sàréè ibẹ̀ lé ní 9,000. Obìnrin mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, àwọn mẹ́ta yìí sì wà lára mẹ́rin náà. Ọdún 2022 ni ìjọba tó fún ẹgbẹ́ náà ní àmì ẹ̀yẹ wúrà, nígbà tí púpọ̀ wọn ti kú, tí Charity Adams fúnra rẹ̀ ti lo ogún ọdún lábẹ́ ilẹ̀. Lọ́dún 2023, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ mọ́ orúkọ bárékè ológun ńlá kan ní Virginia. Lọ́dún 2025, wọ́n tún yọ ọ́ kúrò.

Mo dárò wọn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe pa ìwé náà dé, nǹkan mìíràn ló gbà mí láyà. Àwọn wọ̀nyí ní orúkọ. A lè pè wọ́n. Bí ẹnìkan bá gbé òdòdó lọ sí Normandy lọ́la, á mọ ibi tí yóò gbé e kalẹ̀ sí.

Mo wá gbójú sókè, mo wo ọ̀nà tó wà níwájú mi.

Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò nìyẹn. Bí o bá wọ dánfó ní abẹ́ bíríjì Sàngó, wàá gba Ọjà Ọ̀tà, wàá kọjá Ìyànà-Ìyẹ̀sí, wàá dé Àtàn níbi tí àwọn tírélà ti máa ń há síra wọn, wàá dé Owódé, láìpẹ́ wàá bá ara rẹ lẹ́nu ibodè, níbi tí ilẹ̀ tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Dàhọ̀mì ni àwọn bàbá wa ń pè é. Ilẹ̀ tó wà lápá ọ̀nà yìí, ogun ló rìn ín mọ́lẹ̀. Ọ̀tà fúnra rẹ̀ fọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbá ní 1842. Ní 1848, ọmọ ogun Ọba Ghezo ti Dàhọ̀mì fọ́ Òkè-Ọ̀dàn. Ní 1862, Glele ọmọ rẹ̀ fọ́ Ìṣàgà. Ní 1886, wọ́n fọ́ Kétu, wọ́n kó èèyàn rẹ̀ lọ.

Obìnrin pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì tó ń wá yẹn. Àwọn òyìnbó pè wọ́n ní Amazon. Agojie ni ọ̀kan nínú orúkọ tí àwọn ará Dàhọ̀mì fún wọn. Wọ́n ń yìnbọn, wọ́n ń fi àdá jà. Bí wọ́n bá ń kọ́ ogun, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń gun òkìtì ẹ̀gún, wọ́n á kọjá sódì kejì, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn. Ìyàwó ọba ni wọ́n kà wọ́n sí, wọn ò gbọ́dọ̀ bá ọkùnrin mìíràn sùn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì bímọ. Àwọn Fọ̀n, tó ni Dàhọ̀mì, tún ń pè wọ́n ní Mino. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "àwọn ìyá wa."

Mo fẹ́ kí ará Ọ̀tà dúró lórí orúkọ yẹn díẹ̀. Àwọn ìyá wa. Ta ni à ń pè bẹ́ẹ̀ níhìn-ín? Ta ni a ń torí rẹ̀ gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde, ní Ọ̀tà, ní Ìlaró, ní Kétu, tí ọkùnrin fi ń wọ ìró àti bùbá, tó ń jó kí inú wọn lè yọ́? Orúkọ kan náà ni, láti ẹnu èdè méjì, ní apá méjèèjì ogun. Nígbà tí àwọn ìyá tiwọn ń bọ̀ wá jó wa nílé, àwọn ìyá tiwa la ń bẹ̀ pé kí wọ́n gbà wá.

Nínú àwọn tí wọ́n ń fi kún ẹgbẹ́ ogun obìnrin náà, ọmọ ẹrú wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdébìnrin tí wọ́n kó nílé onílé, wọ́n á ṣa àwọn tó lágbára láàárín wọn, wọ́n á kọ́ wọn ní ìbọn. Yorùbá wà lára wọn. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn, ọmọ Kétu, ọmọ abúlé tí igbó ti bò. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún nìyí: nínú àwọn obìnrin tó gbógun wá sílẹ̀ wa, ọmọ wa wà níbẹ̀.

A mọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ọdún 1848. Àìná ni. Ọmọ bí ọdún márùn-ún ni nígbà náà. Yorùbá tó bá gbọ́ orúkọ yẹn ti mọ bí wọ́n ṣe bí i, pé ìwọ́ ló kọ́ ọ lọ́rùn wáyé. Wọ́n pa òbí rẹ̀, wọ́n mú un lọ sí Abomey, ìlú ọba Dàhọ̀mì, wọ́n sì fi í pa mọ́ fún ìrúbọ. Lọ́dún 1850, Ghezo fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́rẹ, Frederick Forbes. Forbes gbé orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ lé e lórí: Sarah Forbes Bonetta. Ọbabìnrin Victoria gbà á ṣe bí ọmọ. Ìwé pọ̀ nípa rẹ̀, àwòrán rẹ̀ wà, ìtàn àròsọ pàápàá wà lórí rẹ̀. Nígbà tó ń fẹ́ James Davies ní Brighton lọ́dún 1862, ó fọwọ́ síwèé, ó kọ "Ina" ṣáájú gbogbo orúkọ òyìnbó yẹn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá! Ọmọ tí wọ́n kó kúrò nílé kí ehín rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ ló ṣì dì mú. Ó kú sí Madeira lọ́dún 1880.

Àìná kan nìyẹn. Àwọn yòókù ńkọ́?

Ìyá ìyá mi, ará Òkè-Ọ̀dàn ni. Ọ̀tà ló fẹ́ ọkọ sí, Ọ̀tà náà ló sì kú sí. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, kó tó dáná, á gbé àpótí sẹ́yìn ilé, á jókòó, á da omi tútù sílẹ̀, á wá máa pe àwọn ẹni tó ti lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí oníkálukú ń jẹ́ àti oríkì rẹ̀. Ohùn rẹ̀ á máa lọ geere bí omi. Bó bá dé ibì kan báyìí, ohùn náà á dúró. Á mí. Á ní, "àti èyí tí wọ́n kó lọ." Lẹ́yìn náà, á tún máa bá a lọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé orúkọ ẹnìkan ni. Mo rò pé obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Èyí-tí-wọ́n-kó-lọ, bí ẹlòmíràn ṣe ń jẹ́ Àjíkẹ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé àbúrò ìyá ńlá ìyá rẹ̀ ni, ọmọdébìnrin tí ogun Dàhọ̀mì ká mọ́ ìdí odò.

Ṣé ojú ọ̀nà ló kú sí? Ṣé wọ́n tà á sókun? Ṣé wọ́n gbé ìbọn lé e lọ́wọ́? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí lóru, bí kọ́ńpìnì bá ń hó nítòsí tí oorun ò wá. Bó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ní 1848, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ní 1851.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851 ni Ghezo kó ogun wọ Abẹ́òkúta. Àwọn obìnrin náà wà níwájú. Wọ́n gba odò Ògùn kọjá, wọ́n kọlu odi ní apá Àrò. Àwọn Ẹ̀gbá ń jà láìmọ̀ ẹni tí wọ́n ń bá jà. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé ìgbà tí wọ́n mú ẹni àkọ́kọ́, tí wọ́n fẹ́ gé e bí wọ́n ṣe máa ń gé ọkùnrin tí wọ́n bá pa lójú ogun, ni wọ́n tó rí i pé obìnrin ni. Ìtìjú dà bò wọ́n, ìtìjú náà sì di ìbínú. Wọ́n ní kò ní í jẹ́ pé obìnrin ló ṣẹ́gun àwọn. Láti ìgbà yẹn lọ ni ìjà náà ti yí. Kó tó dalẹ́, òkú àwọn ará Dàhọ̀mì tó sùn lẹ́sẹ̀ odi ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Abẹ́òkúta yọ̀. Ó tọ́ kí wọ́n yọ̀. Bí odi yẹn bá wó, ẹrú ni gbogbo wọn ì bá dà. Èmi náà tí mò ń kọ èyí, mo yọ̀ pé odi náà kò wó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè: nínú àwọn tó ṣubú, tí ọ̀kan bá kígbe "Ìyá mi ò!" kó tó kú, ta ni kò gbọ́ ọ yé níbẹ̀? Ẹ̀yin ọmọdébìnrin tí ilé bí, tí ọ̀nà gbé lọ, tí ogun gbé padà wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé! Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Láti Àrò dé Òkè-Ọ̀dàn, kò ju ìrìn ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ta ló bo ojú yín? Ta ló ka oríkì yín? Àjọkẹ́ ni àbí Àbẹ̀ní, ta ni yóò sọ fún wa? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin, ojú odi ni wọ́n wò, wọ́n pè yín ní ọ̀tá, wọ́n fi yín sílẹ̀ fún igún.

Ohun tí a mọ̀ nípa ọjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló wá láti ọwọ́ àwọn míṣọ́nárì, bí T. J. Bowen ará Amẹ́ríkà tó wà nínú ìlú nígbà tí ogun dé. Wọ́n ka òkú. Wọn ò ka orúkọ, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún wọn.

Àwa náà ní ẹni tí a ń rántí. Tinúubú, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede ńlá l'Ékòó, ló ń kó ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn Ẹ̀gbá, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde ní 1864, ọdún tí Glele tún kógun wá tó tún sá. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n olówó ni, olóyè ni. Ẹni tó ru ẹ̀tù yẹn lórí láti ilé rẹ̀ dé ẹsẹ̀ odi, tí ooru ń mú, tí ọta ń kọjá lórí rẹ̀, kò jẹ oyè kankan.

Kódà, nígbà tí ayé ti ní kámẹ́rà, a ṣì sọ tiwa nù. Nígbà Ogun Hítílà, ọmọ Aláké wà lára àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Adénrelé Adémọ́lá ni, ọmọ Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì. Ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1935, ilé ìwòsàn Guy's ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ló sì wà tí bọ́ǹbù Jámánì fi ń rọ̀ sórí ìlú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya fíìmù nípa rẹ̀, wọ́n pè é ní Nurse Ademola, wọ́n gbé e kiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kí àwọn èèyàn lè gbárùkù ti ogun náà. Ẹ fojú inú wò ó: ọ̀pá méjì, aṣọ funfun láàárín wọn, ọmọ Abẹ́òkúta nínú aṣọ nọ́ọ̀sì lójú aṣọ náà, àwọn ìyá wa jókòó sórí ẹní, wọ́n ń nàka sí i. Fíìmù náà ti sọnù. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni lè gbé jáde.

Báyìí ni à ń pàdánù wọn, lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mejì. Ikú á kọ́kọ́ mú wọn. Àwa tó kù á wá jẹ́ kí wọ́n tún kú.

Èdè wa kọ́ ni kò lè gbé ìtàn wọn. Adébáyọ̀ Fálétí ti kọ ìtàn àròsọ Ọmọ Olókùn Ẹṣin láti 1969. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti gbé Efúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, dìde láti inú sàréè lọ́dún 1970, títí ọmọ iléèwé fi ń bínú sí i tí wọ́n tún ń káàánú rẹ̀. Mo ń wá ẹni tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tó di ọmọ ogun Dàhọ̀mì. Mo ń wá ìwé tí yóò ti ìdí odò bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì parí sẹ́sẹ̀ odi, ní èdè Yorùbá, kí ó lè gbọ́ ọ bí wọ́n bá kà á fún un níbi tó wà.

Ẹni tó kù kẹ́yìn nínú àwọn obìnrin Dàhọ̀mì tí a gbọ́ nípa rẹ̀ ni Nawi. Abúlé Kinta ló ń gbé, ó ní òun bá Faransé jà lọ́dún 1892, ó sì ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún kó tó kú. Oṣù kọkànlá ọdún 1979 ló kú. Lọ́dún yẹn, rédíò ti wà nílé wa ní Ọ̀tà, mọ́tò ń lọ mọ́tò ń bọ̀ lọ́nà Ìdí-Ìrókò, kò sì sẹ́nìkan nínú ẹbí wa tó wọ ọkọ̀ lọ bá ìyá náà, kó bi í léèrè àwọn ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tí wọ́n jọ wà ní Abomey nígbà tí àwọn ìyá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣì wà láyé.

Ẹ̀yin ará Yéwa, ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin Àwórì tí ẹ fẹ́ ìyàwó láti apá ibẹ̀, bí àgbàlagbà obìnrin kan bá ṣì wà lẹ́yìn ilé yín tó ń da omi sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, ẹ jókòó tì í. Bí ohùn rẹ̀ bá dúró níbì kan, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Ẹ bi í pé ta ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kódà bó jẹ́ ẹ̀yìn káléńdà lẹ máa kọ ọ́ sí.

Ìyá ìyá mi kú lọ́dún 1994. Mi ò bi í.